Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ni Ẹ̀gbọ́n

Tí mo bá ń rántí ọdún yẹn, ìkùukùu ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìkùukùu orí ọ̀sà ní èbúté Ìpakòdò, ní Ìkòròdú, láàárọ̀ kùtùkùtù, tí gbogbo wa á ti wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tán, tí awakọ̀ á wá ní ká ṣe sùúrù, òun ò rí iwájú. Àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí à ń lọ sí Èkó á jókòó ti ara wa bí ọmọ iléèwé. Àwọn kan á máa sùn, àwọn kan á máa ja tẹ̀sùbáà, èmi á tẹjú mọ́ omi funfun tí n kò lè mọ ibi tó ti pàdé ojú ọ̀run. Nígbà mìíràn, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti jí lóòótọ́ tàbí mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nílé. Bí mo ṣe lo odidi ọdún kan nìyẹn, ọmọ mi ló sì fà á.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọdún méjì ṣáájú ni bàbá rẹ̀ kú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, àìsàn tí a pè ní ibà. Kó tó dìgbà yẹn, ọmọ tó ń gba ẹ̀bùn ní kíláàsì ni. Lẹ́yìn ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sá níléèwé, ló ń bá èèyàn jà, ló ń mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń sùn síta. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, á wá wọlé lọ́sàn-án gangan bí ẹni tó lọ ra iyọ̀ ní ojúlé kejì. Tí mo bá bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, á ní, "Kí ló kàn ọ́?"

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. "Ọ́" ló wí, kò wí "yín." Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Nílé tiwa, ọmọ tó bá fi "ìwọ" dá ìyá rẹ̀ lóhùn, tẹbí tará ni wọ́n á jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Mo gba ti iléèwé. Mo gba ti olè, mo lọ ń bẹ àwọn tó ni ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n "ìwọ" yẹn, ó ń dùn mí wọnú egungun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, ọwọ́ mi ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó wò mí, kò sunkún, ó rìn jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi rí i.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ariwo tí mo ń pa: pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á pè mí ní ọ́fíìsì pé kí n wá wo òkú kan bóyá ọmọ mi ni. Kì í ṣe pé mo ń ronú ju. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa lẹ́ẹ̀kan nítorí fóònù, àánú Ọlọ́run àti ọlọ́kadà kan tó mọ̀ wá ládùúgbò ló yọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Irọ́ ni. Tèmi ń sùn dáadáa, ibi tó ń sùn sí ni mi ò mọ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibì kan tí á ti máa gbé, tí á ti máa ṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Mo dé Ìjẹ̀dẹ́, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ, tó ń gba ọmọ tó le sọ́dọ̀. Ó ní ọkùnrin nìkan lòun ń gbà. Mo fà á lé onídìrí kan lọ́wọ́, ó ní á máa gbé lọ́dọ̀ òun, á sì máa kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, kò di irun orí ẹnì kankan, ìlédìí ọmọ ọ̀gá ló ń fọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó mú sáàsì, ó gé wíìgì tí ọ̀gá fẹ́ràn jù lọ sí wẹ́wẹ́, ó gba ilé wá. Mo bá a wí títí ẹnu fi ń ro mí. Kí n má purọ́, mo tún wọ kíṣìnì lọ, mo rẹ́rìn-ín.

Ilé kẹta tí wọ́n júwe, mi ò ní sọ ibi tó wà. Ọkùnrin tó ni ín kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbé omi tútù fún mi, ó ní ìbáwí lòun fi ń tún àwọn ọmọ ṣe. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan ń fọ abọ́ nínú àgbàlá, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ òpó. Mo ní kí ọ̀gá fún mi láyè kí n lọ gbé báàgì ọmọ mi wá nínú mọ́tò. Bí mo ṣe dé inú mọ́tò, mo ní kí dírẹ́bà máa wà á lọ, kó má wẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì ni mo lọ fi ẹjọ́ ibẹ̀ sun ìjọba. Ọmọ mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń wò mí láti inú gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ wá sú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkùukùu kan, mo ń bá pirinsípà iléèwé ọmọ mi jà lórí fóònù nínú ọkọ̀ Ìpakòdò. Nígbà tí mo pa fóònù, obìnrin tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ láìwojú mi. Tíṣà ni, a máa ń kíra.

"Ìyá kan wà ní Èjìnrìn," ó ní, "nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń gba ọmọbìnrin márùn-ún sọ́dọ̀. Wọ́n ń yan ẹja, wọ́n ń roko, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án. Kò sí géètì níbẹ̀."

Mo ní, "Kò sí géètì kẹ̀? Wọn kì í sá ni?"

"Wọ́n máa ń sá," ó ní. "Wọ́n á tún padà."

Awakọ̀ ta ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú ariwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò rí obìnrin náà nínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí iléèwé mìíràn. Ó máa ń ṣe mí nígbà mìíràn bíi pé ojú oorun ni mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé lèmi àti ọmọ mi lọ. Mo ṣèlérí fún un pé tí kò bá wù ú, a jọ máa padà ni. A wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú, a kọjá Ìtóìkín, afẹ́fẹ́ oko ń fẹ́ wọlé, oòrùn ń wọ inú igi, ó ń jáde. Láàárín ọ̀nà, oorun gbé ọmọ mi lọ, orí ẹ̀ sì rọra tẹ̀ sí èjìká mi. Ó tó ọdún méjì tí orí yẹn ti kan ara mi kẹ́yìn. Èjìká mi kú tipiri. Mi ò mí dáadáa, mi ò yíra padà. Kóǹdọ́ béèrè ibi tí a ti máa sọ̀ kalẹ̀, mo fi ojú dá a lóhùn. Ká ní wọ́n gbé wa kọjá Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, ká dé ibi tí ayé parí sí, ǹ bá má sọ pé ó tì.

Ọjọ́ tí a dé Èjìnrìn kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àtíbàbà òfìfo ló tò lọ síwájú omi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mélòó kan ń mì lójú kan, èéfín ẹja ń rìn kiri lórí ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ìyá náà jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi dúró gbagidi lẹ́yìn mi, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó wo ìyá yẹn láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ni gbogbo ẹja yìí?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti na ọwọ́, ìyá yẹn ló dì í mú lókè, ọwọ́ ẹ̀ kún fún ìpẹ́. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ. Mi ò lè pè é bó ṣe pè é, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa sọ ọ́ kí n má bà á jẹ́.

"Kí ló ṣe fún ọ?" ó ní.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú mà, ó pè yín ní ìwọ."

"Kí ni kó wá pè mí? Ẹ̀yin? Èmi mélòó ló rí?"

Ó ní bí òun náà ṣe ń bá ìyá òun sọ̀rọ̀ nìyẹn títí ó fi kú, wọn ò sì jà rí lórí ìyẹn. Ó ní àwa ará òkè la kó "ẹ" dé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, ṣùgbọ́n kí n má tìtorí ẹ̀ gbá ọmọ létí nínú ọgbà òun. Èmi rèé, mo ti tún padà sórí ìkúnlẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì èébú lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bú.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, tó tu ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ojú tì mí, inú bí mi, inú mi sì dùn débi tí mi ò fi mọ èyí tí n bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá yẹn tọ́ka sí àpótí kan.

"Tèmi kọ́ ni gbogbo ẹja," ó sọ fún un. "Ti àwọn tó ń yan án ni. Jókòó."

Ó jókòó.

Mo ti kó ìwé ìbí, káàdì àjẹsára àti èsì ìdánwò dání nínú fáìlì. Ìyá náà ò wo ìkankan. Ó bi mí pé oúnjẹ wo ni ọmọ yìí fẹ́ràn jù. Mo ronú, mo ronú. Mo mọ ohun tó fẹ́ràn nígbà tó wà ní mẹ́rìnlá, mi ò mọ tòní. Ó ní kò burú, àwọn á bi ọmọ náà fúnra ẹ̀.

Òfin ibẹ̀ ò ju kan lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Bí ti àwọn ìyàwó ilé ló rí, tí ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé á jẹ́ ìyáálé, kódà bí ẹni tó dé lẹ́yìn ẹ̀ bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan, pẹ́lẹ́bẹ́ báyìí, ló pẹ́ jù níbẹ̀, òun ni gbogbo wọn ń pè ní ẹ̀gbọ́n, òun ló ń kọ́ wọn níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ò gbọdọ̀ yọjú kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé.

Mo padà sílé. Àwọn aládùúgbò mi ní ẹ́sítéètì ń bi mí, mo ní ó lọ kí ìyá àgbà. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, ilé dákẹ́ bí ìgbà tí omi bá wọ èèyàn létí. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n máa wo bí oòrùn ṣe ń rìn lára ògiri, títí á fi jáde kúrò nínú yàrá. Mi ò ṣe nǹkan kan. Àárò ọmọ mi ń sọ mí, mo sì ti rò pé ara mi á fúyẹ́ tó bá lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá náà pè mí. Ó ní ọmọ mi ti lọ láti àárọ̀ àná.

Mo ti gbé báàgì. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀. "Tó o bá wá, á mọ̀ pé lílé lò ń lé òun. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n, àwọn ọlọ́kadà náà mọ̀ ọ́n, a ti ránṣẹ́ yí gbogbo ibí ká. Jókòó." Èmi tí mi ò lè jókòó fún ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, mo jókòó. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi ní Ìpakòdò, wọ́n gbé mi lọ síbi tí mi ò ń lọ, mi ò sì mọ̀ títí tí wọ́n fi ní ká sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo ti gbé e sétí. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dún tí mo gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú yẹn. "Ó ti dé. Ebi ń pa á. Ó ń jẹ ẹ̀bà." Mo ní kí ló sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mo di ẹrù oúnjẹ, mo lọ. Wọ́n wà nídìí ààrò nínú èéfín, àwọn márààrún, mi ò tètè mọ tèmi nínú wọn. Apá ẹ̀ ti le, ó dúdú sí i, ó ń ká ẹja àrọ̀ tí wọ́n fẹ́ yan. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, wọ́n á fi ìrù ẹja sí i lẹ́nu, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún un kó lè dúró. Mo ká apá aṣọ, mo ní ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́, mo ti nawọ́ sí ẹja.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn dá mi dúró. "Màmá, ẹ dákun. Ta ni ẹ̀gbọ́n yín níbí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìyá náà ń wò wá láti abẹ́ igi, kò dá sí i. Òótọ́ kúkú ni: nínú gbogbo ẹni tó wà nídìí ààrò, èmi ni mo dé kẹ́yìn, ọmọ mi ló sì ṣáájú mi. Ká sọ pé nílé mi ni, ǹ bá ti dá a lóhùn. Mo kọjú sí ọmọ mi, mo rẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó sún fún mi lórí àpótí, ó fún mi ní ẹja kan. Mo fipá ká a, ẹ̀yìn ẹ̀ kán. Mo tún mú òmíràn, ó tún kán. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì sínú tirẹ̀.

"Kì í ṣe báyẹn," ó ní. "Ẹ rọra fà á. Tẹ́ ẹ bá fipá ká a, á dá."

Mo gbọ́ "ẹ" yẹn ketekete. Mi ò wojú ẹ̀, mo tẹjú mọ́ ẹja. Èéfín ń wọ̀ wá lójú, omi ń bọ́ lójú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ ti ẹnì kejì. A ká ẹja títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan nínú ayé mi kí n tún un gbé, mo lè mú ọjọ́ yẹn.

Oṣù mẹ́ta pé. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá ẹ̀, mo ti ra ìbùsùn tuntun. Mo dé Èjìnrìn láàárọ̀, mo rò pé màá rí i pẹ̀lú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí báàgì. Ó mú mi lọ sí etí omi, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti máa ń gbé èrò lọ́sàn-án. A jókòó sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ewéko ojú omi ń rọra kọjá níwájú wa, ó ń lọ láìkánjú.

"Mi ò ní lè bá yín lọ," ó ní.

Inú kọ́kọ́ bí mi, bí ìṣe mi. Mo ní kí ló ṣe ilé náà. Mo ka gbogbo ohun tí mo ti tún ṣe níbẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n kà á tán.

"Ẹ ti lé bàbá mi jáde nínú ilé yẹn," ó ní.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ń sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ àbúrò ẹ̀ níṣẹ́. Pé lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó ti iléèwé dé, kò bá ẹyọ bàtà bàbá ẹ̀ kan. Pé mo ti já fọ́tò lára ògiri, ìṣó nìkan ló kù. Pé lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹun, ó ní bàbá òun ì bá ti bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ yìí, mo sì ju ṣíbí, mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí, ká gbájú mọ́ iwájú.

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Agbára ni mo rò pé mo ń lò. Mo rò pé tí mo bá fi lè dárúkọ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan, màá ṣubú, kò sì sẹ́ni tí á gbé ọmọ mi. Mo ti wá ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe káàkiri Ìkòròdú, dé Ìjẹ̀dẹ́, dé ibi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, mi ò sì bi í rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé àárò bàbá ẹ̀ ń sọ ọ́.

"Níbí, mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́," ó ní. "Gbogbo wọn ló ti mọ bó ṣe máa ń hanrun."

Mo ní, "Ṣé wàá padà wálé?"

"Tẹ́ ẹ bá máa jẹ́ kí n máa dárúkọ ẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Orúkọ ọkọ mi ló jáde dípò. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, mo sì tún un pè. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bàbá ẹ̀, ó ń bá kóǹdọ́ jà nítorí adìẹ kan tó gbé sórí itan. Ó ní rárá, òun ò gbọ́ ọ rí. Ó sún mọ́ mi. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ dé, ó kó èrò, ó lọ, a ò sì tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ adìẹ.